Ọkùnrin Oníkùn Ńlá Ara Ògiri Ilé-Ìwé Wa

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìgbà àtijọ́ ní Accra, n kò sì tíì rí kíláàsì kan tó rí ẹni tó sanra tó bínú sí i. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ táámù kejì. Irú èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òyìnbó ń yà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di alágbára, tí àwọn tó ti jókòó sórí àga tẹ́lẹ̀ sì ń wò ó tìfura-tìfura. Ìlànà ẹ̀kọ́ ló ní ká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ kò tíì dé kíláàsì mi.

Àwòrán tí mo kọ́kọ́ gbé síwájú wọn lọ́dún yìí, ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Ó sanra débi pé bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ń já dànù, bàtà rẹ̀ ti fún un lẹ́sẹ̀ pinpin, àga tó jókòó lé sì ti ń ya. Àwo kan wà níwájú rẹ̀, máàpù ló wà nínú àwo náà, ó sì ti fi fọ́ọ̀kì gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Àwọn ọba mẹ́ta ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí.

Ọmọ kan nawọ́, ó ní, “Màdáàmù, Ọlọ́run ti bù kún un.”

Òmíràn ní ìyàwó rẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Mo ní kí ni wọ́n rí sí bọ́tìnì tó ń já, wọ́n ní télọ̀ ló yẹ ká bá wí. Mo ní àga ńkọ́? Wọ́n ní àga oníke ni, kò ṣeé fọkàn tán. Mo wá bi wọ́n léèrè àwọn ọba ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ ronú kó tó sọ̀rọ̀ ní ẹbí rẹ̀ ni wọ́n, ebi ń pa wọ́n, kò sì dáa bí kò ṣe ké sí wọn kí wọ́n wá jẹun. Gbogbo kíláàsì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú nínú ọkùnrin náà, lójú wọn, ni pé kò sọ fún àlejò pé “ẹ wá jẹun”.

Mo bínú. Èmi kì í bínú díẹ̀; bí mo bá bínú ní kíláàsì wa, àwọn tó ń ta ọjà lẹ́yìn ògiri náà á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ojú ara mi tì mí. Ní Accra ńbí, bí èèyàn bá fẹ́ yìn ọ́ tọkàntọkàn, á ní o ti sanra. Ní ilé tiwa, ilé àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Aláta níbí, bí ẹni tó rù bá wọlé, ìyá mi kò ní kí i tán kó tó bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Níbo ni mo fẹ́ kí ọmọ ti rí i pé ikùn jẹ́ èébú?

Lọ́jọ́ kejì mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹni tó yà á ń bá ẹnì kan jà, àmọ́ kò mú igi lọ́wọ́, pẹ́ńsù ló mú. Ẹ wá ẹni tó ń bá jà. Ẹ wo ohun tó sọ di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo ohun tó sọ di kékeré. Ní ilẹ̀ àwọn tó ya èyí, ikùn tó pọ̀ tó báyìí, ọ̀kánjúwà ni. Wọ́n ṣì ń wò mí bí ẹni tó ń tan wọ́n jẹ. Ni mo bá pa òwe fún wọn pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Twi bí agbára mi ṣe mọ. Wọ́n ní, “Aa.” Ojú wọn là.

Àwòrán kejì nira díẹ̀. Ẹranko inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan di èbúté kọ̀ọ̀kan mú. Ọmọ apẹja kan wà ní kíláàsì náà, ọmọ Gã láti etí òkun, ó ní àwọn máa ń sun ún, ó sì dùn. Mo fún un ní máàkì kan nítorí òótọ́.

Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná ràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ohun gbogbo. Ọmọ kan ní òun ò lè kọjá ní oríta Circle mọ́ láìwo ẹnu àwọn olóṣèlú ara pátákó bóyá oúnjẹ ṣẹ́kù síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé orílẹ̀-èdè wo ló ń di alágbára lóde òní, ìdajì kíláàsì ní Ṣáínà. Ẹnì kan tó mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ wá dáhùn pé Nàìjíríà ni, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè tí a wà yìí ti gbá àwọn ọmọ ara wọn jáde rí, kálukú ní ìgbà tirẹ̀, èyí tó ń gbá sì máa ń rò pé òmìrán ni òun ní ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá mi wà nínú àwọn tí ti ìhín gbá lọ. Ó padà wá, ó ní oúnjẹ ibẹ̀ ò bá òun lára mu mọ́.

Bí mo ṣe rí i pé ojú wọn ti là, mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó kó mi sí ìjọ̀ngbọ̀n. Mo ní kí kálukú ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nípa agbára kan tó ń dìde, ní ibi tó mọ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó mọ̀. Ìgbéraga tíṣà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé-ìwé wa díẹ̀. Ẹnì kan ló ni ín, Dáírẹ́kítọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá kan ló fi bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé kan létí àdúgbò Nima. Nígbà tó yá, ó di yàrá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó gba ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gba gáréèjì mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn, ó sì gba ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun, ó sọ ọ́ di láíbìrì tí kò tíì ní ìwé. Ó máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ ń gbòòrò. Ara òun náà ń gbòòrò pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Lọ́dún yìí, ó kéde pé àwọn ọlọ́jà tó tò sí iwájú ògiri gbọ́dọ̀ kó kúrò ní òpin táámù, kí ọkọ̀ ilé-ìwé lè ríbi dúró sí. Ilé-ìwé wa kò ní ọkọ̀.

Nínú àwọn ọlọ́jà náà ni ìyá arúgbó kan wà tó ń ta àgádágodo, ìṣó, ìkọ́ ilẹ̀kùn àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Aláta bíi tèmi ni. Ìyá Alágádágodo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn aláwàdà sì máa ń sọ pé nínú gbogbo àgádágodo tó ń tà, kò tíì rí ọ̀kan tó bá ẹnu ara rẹ̀ mu. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti dé kíláàsì àṣekágbá. Ìyá yìí ló tọ́ ọ láti kékeré. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí mo bá fi Yorùbá bi í ní nǹkan, Twi ló fi ń dá mi lóhùn.

Nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá dé, ọmọ mọ́kànlá ló ya Ṣáínà. Mẹ́rin ya ẹ̀rọ fóònù. Ọmọbìnrin yìí ya Dáírẹ́kítọ̀.

Ó gbé e jókòó sórí òrùlé ilé-ìwé, òrùlé náà sì tẹ̀ kòlọ̀bọ̀. Ikùn rẹ̀ ya wọ ojú títì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń na súìtì sí ọmọ iléèwé kan, láìwo ojú ọmọ náà. Ó gbé àwo ńlá kan sórí itan. Maṣíìnì ìránṣọ wà nínú àwo náà, táyà ọkọ̀ wà níbẹ̀, àga agẹrun wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì gbé ṣíbí, tábìlì kékeré kan wà nínú ṣíbí náà, àgádágodo sì kún orí tábìlì. Ìyá arúgbó kan jókòó ti tábìlì náà, ó ń na ọjà sí oníbàárà, kò mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n ń gbé òun lọ.

Mo wò ó títí tíì mi fi tutù. Ó dùn mọ́ mi, ó sì bà mí lẹ́rù. Mo fún un ní ogún nínú ogún, ohun tí n kò fún ẹnikẹ́ni rí. Ó yẹ kí n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi í sórí àwọn ìwé yòókù ní yàrá àwọn tíṣà, mo ní kí n sáré ra kóósè méjì, àkàrà wọn níbí, níta kó tó tán.

Nígbà tí mo padà dé, Dáírẹ́kítọ̀ ló dúró níbẹ̀, ó na àwòrán náà jìnnà sí ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo dígí.

Kí ẹ tó mọ ìdí tí kóósè fi bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan ní kíláàsì àṣekágbá sín ikọ́ Dáírẹ́kítọ̀ jẹ ní àpéjọ òwúrọ̀. Ikọ́ lásán. Dáírẹ́kítọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde. Kò sí ilé-ìwé tó ń gba ọmọ ní kíláàsì àṣekágbá. Omi inú ọ̀rá ni ọmọ náà ń tà ní Circle báyìí, bó bá sì rí mi nínú ọkọ̀ èrò tro-tro, á fún mi ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹni tó sín ikọ́ jẹ nìyẹn, ẹ wá wo ẹni tó ya ikùn.

“Ta ló yà mí?” Dáírẹ́kítọ̀ bèèrè.

Mo dárúkọ ọmọ náà. Kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé.

Ó ní, “Wo ara mi bó ṣe ń dán! Màdáàmù, ọmọ yìí lẹ́mìí ìmoore. Wò ó, gbogbo àdúgbò ló wà nínú àwo mi. Èmi ni mò ń bọ́ wọn.” Ó tún wo ibi tí ṣíbí wà. “Kódà ó rántí ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ̀yin Aláta, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́.”

Mo la ẹnu. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ pé bó bá mọ ìdáhùn kó sọ ọ́ síta, mo pa ẹnu dé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Dáírẹ́kítọ̀ fi gbé ayàwòrán pátákó wá láti ya àwòrán náà sára ògiri ìta, kó ga tó ilẹ̀kùn méjì, kó dojú kọ títì. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó sún mọ́ mi, ó ní, “Màdáàmù, ìyìn ni àbí èébú? Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú ni mo máa ń fi yà á sọ́tọ̀.” Mo ní ìyìn ni. Ó mi orí, ó fi aago sí Dáírẹ́kítọ̀ lọ́wọ́, ó fi òrùka méjì kún un, ó sì fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Kò yọ ṣíbí.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní bí ẹnì kan bá túmọ̀ rẹ̀ fún Dáírẹ́kítọ̀ pẹ́rẹ́, ìdánwò òun ti lọ nìyẹn. Mo mọ̀. Ogójì ọmọ ló mọ ìtúmọ̀ yẹn, èmi ni mo sì kọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ni mo bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì, mo ní kí gbogbo wọn búra pé ẹnikẹ́ni ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà nílé, kódà fún ìyá tó bí wọn. Wọ́n búra. Àwọn kan fi ìka kan ahọ́n, wọ́n nà án sókè ọ̀run. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ nà án.

Wọ́n pa á mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé bí kíláàsì mi bá ń kọjá lára ògiri yẹn, gbogbo wọn á máa wo bàtà ara wọn.

Ọjọ́ ayẹyẹ ilé-ìwé wá dé. Wọ́n na kánópì, wọ́n to àga, wọ́n gbé sípíkà méjì sórí ògiri, wọ́n kọ ojú wọn sí títì kí gbogbo Nima lè gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ń gbòòrò. Àlejò pàtàkì ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ gíláàsì. Bí ó ṣe wọlé ló ti dúró níwájú àwòrán náà. Ó dúró pẹ́. Nígbà tó jókòó, ó bi Dáírẹ́kítọ̀ pé kí ni ìtúmọ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń yọ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Dáírẹ́kítọ̀ gba makirofóònù. Ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kó yin ara òun, tíṣà tó kọ́ ọmọ náà wà níbí, kó dìde kó túmọ̀ rẹ̀.

Mo dìde. Ọmọbìnrin náà jókòó sí ìlà kẹta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Mo rò ó pé bí mo bá kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan péré, ó ti di elómi-inú-ọ̀rá nìyẹn. Ni mo bá túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ikùn ńlá, ìbùkún ni, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe mọ̀. Mo ní òrùlé tó tẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ ni, ilé ń tẹrí ba fún olùdásílẹ̀ rẹ̀. Mo ní àwo yẹn kì í ṣe àwo oúnjẹ, àwo ìgbẹ́rù ni, ó ń ru àwọn oníṣòwò kéékèèké bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Mo ní ọmọ yìí yà á láti fi dúpẹ́ ni, nítorí ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí Dáírẹ́kítọ̀ ń gbé ga, ẹ sì wò ó nínú ṣíbí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn.

Ọwọ́ òsì tó ń na súìtì nìkan ni n kò mọ bí mo ṣe máa túmọ̀. Mo ní ọwọ́ tó sún mọ́ ọkàn ni.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. N kò ní purọ́ fún yín, orí mi wú. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtúmọ̀, n kò tíì túmọ̀ nǹkan kan kó bára mu délẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Dáírẹ́kítọ̀ fún ọmọbìnrin náà ní ìwé atúmọ̀-èdè kan tí fọ́tò Dáírẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára èèpo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, “Màdáàmù, ọ̀rọ̀ yín dùn. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, òdo ni mo máa fún yín.”

Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ti yọ ọmọ nínú ewu.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà kò wá sílé-ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Mo ní ibà ni. Ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, kò wá, ọjọ́ tí wọ́n máa ya fọ́tò àwọn tó ń ṣe ìdánwò sì ku ọ̀la. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní wọ ìwé. Mo bi ọmọ kan tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé. Ó ní ara ọmọ náà dá, ìyá rẹ̀ àgbà ló ní kò lọ sílé-ìwé mọ́. Wọ́n fẹ́ rán an lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Kumasi.

Mo rìn wọ inú Nima lọ lẹ́yìn ìrun alásárì. Ìyá Alágádágodo ti palẹ̀ ọjà mọ́, ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, ó fi aṣọ nu àga fún mi, ó bu omi tútù fún mi. Ìyá tí kì í dákẹ́ yìí, kò sọ ju “ẹ káàbọ̀, Tíṣà” lọ. Mo ti mọ̀ pé mo dáràn.

Mo ní, “Ìyá, a ò rí ọmọ nílé-ìwé.”

“Ó ti kàwé tó,” ni ó wí. “Mo ti gbọ́ ohun tí ó kọ́. Sípíkà yín méjèèjì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọjú sí. Ẹ ní ọmọ mi ló ya àwòrán yẹn láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lé mi. Ẹ ní mo wà nínú ṣíbí rẹ̀, inú mi ń dùn.” Ó tún aṣọ orí rẹ̀ wé. “Kí ilé-ìwé yín tó ní ògiri ni mo ti ń tajà níbẹ̀. Àgádágodo ni mo fi tọ́ ọmọ yẹn. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń yin ẹni tó ń jẹ wọ́n, kó wá jókòó tì mí.”

“Kí ni ọmọ náà sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni, ó ń sunkún, kò dáhùn. Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Mo bá yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀.”

Ìbúra tí mo mú wọn bú ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ kódà fún ìyá tó bí wọn, ọmọ yìí sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pa á mọ́ fún èèyàn kan ṣoṣo tó yà á fún. Ojú tì mí débi pé n kò lè mu omi náà.

Mo tún ro ẹnu ìyá yìí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, ó lè dé etí Dáírẹ́kítọ̀ kí ọjọ́ tó ṣú, wọ́n á sì yọ orúkọ ọmọ. Bí n kò bá sọ ọ́, orúkọ náà ò kúkú ní wọlé. Mo fa fóònù mi yọ, mo ṣí fọ́tò àwòrán náà, mo fà á tóbi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ. Mo ní ẹni tó yà á ń bá ẹnì kan jà. Mo fi ikùn hàn án, mo fi ọwọ́ òsì hàn án, mo fi táyà àti maṣíìnì hàn án nínú àwo.

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. “Èmi rèé? Ojú mi kì í mú un lára ògiri.”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

“Ẹnu rẹ̀ ni ṣíbí ń lọ?”

“Ẹnu rẹ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó ń fọ abọ́ ní àgbàlá sì yíjú wò wá. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Ó ní, “O mọ̀, nígbà yẹn.” Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́.

“Mo mọ̀, Ìyá. Kí wọ́n má baà yọ orúkọ rẹ̀ ni.”

“Mo gbọ́. Kò sí ẹni tí kì í nídìí.” Ó dá fóònù mi padà. “Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọmọ náà á wá lọ́la, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, láràárọ̀ ni mo ń gbójú kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fi ṣe é. Èmi á bẹ̀ ẹ́ ní tèmi. Ìwọ náà, bẹ̀ ẹ́ ní tìrẹ.”

“Ìyá, kí n bẹ ọmọ?”

“Ta ni o tún fẹ́ bẹ̀?”

Ọmọ náà wá lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ti ṣe ìdánwò náà. Wọ́n ti lé àwọn ọlọ́jà kúrò níwájú ògiri. Kò tíì sí ọkọ̀. Ìyá náà ń tajà ní àdúgbò Sabon Zongo báyìí, ó ní oníbàárà ibẹ̀ máa ń yọwó jù, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ àwòrán náà fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo lọ sílé wọn yẹn ṣá, ìyá náà pe ọmọ jáde. Ọmọ náà ń fọṣọ ni, ọṣẹ wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, n kò bẹ ọmọdé rí. Bí mo ṣe tẹ orúnkún báyìí, ọmọ náà ti sáré kúnlẹ̀ kí tèmi tó kanlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. A wà lórí ìkúnlẹ̀ àwa méjèèjì níwájú gbogbo agbo ilé, omi ọṣẹ ń kán sí ilẹ̀ láàárín wa.

“Màdáàmù, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde,” ló ń wí. “Àwọn èèyàn ń wò wá.”

Mo ní, “Òótọ́ ni ohun tí o yà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì yí i padà létí ẹni tí o yà á fún. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́.

“Kò dùn mí, Màdáàmù,” ló wí. “Mo ti gbàgbé.”

Ó purọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.